Bàbá mi ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí oògùn ẹ̀dọ̀: ṣé ó tọ́ ká dá oògùn náà dúró?

Ọmọ Mẹkáníìkì, Òṣogbo (Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọkàn mi ò balẹ̀.

Bàbá mi, ẹni ọdún 58, ni ọsibítù dá sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ 11 lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ wọn ti gan, cirrhosis ni wọ́n kọ sínú ìwé. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) tó ti wà lára wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Wọ́n ti fún wọn lóògùn rẹ̀ rí, ara yá, owó wọ́n, wọ́n pa á tì. Kó tó di pé a gbé wọn lọ, ikùn wọn ti wú, ẹyinjú wọn pọ́n bíi pupa inú ẹyin. Èyí tó já mi láyà jù ni pé wọ́n mú sípánà 13 lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wá bi mí pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Bàbá tó ti ń tú ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó bí mi.

Oògùn tí wọ́n kó fún wa délé ni spironolactone 100 mg àti furosemide 40 mg tó ń mú wọn tọ omi ara jáde, propranolol, tenofovir 300 mg tó jẹ́ ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, àti omi dídùn kan nínú ìgò, lactulose, 30 ml lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgò yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń mu ún, ó kéré tán wọ́n á yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bàbá ní òun ò lè máa sáré lọ sí ṣáláńgá bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ara tó ti gbẹ báyìí, ṣé ìgbẹ́ gbuuru ló kù tá a máa fi kún un? Gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan ká dá a dúró, mo sì dá a dúró ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Láti àná, wọn ò tíì yàgbẹ́ kankan. Lónìí wọ́n sun ọ̀sán mọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ṣé mo ṣe ohun tó tọ́? Ẹnì kan tún ti gbé agbo wá, a ò tíì ṣí i.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́)

Ọlọ́run á bá wa wo bàbá sàn o. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú àgbàlagbà, ó léwu, omi ara á tán. Lọ ra loperamide ní kẹ́mísìtì, hóró méjì péré, á dúró. Èyí tí wọ́n fún bàbá ọkọ mi nìyẹn nígbà tí inú ń ṣe wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́ Ajé, 9:51 alẹ́)

Ọmọ Mẹkáníìkì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 14 ni mo ti ń tọ́jú àwọn tí inú àti ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú. Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fún bàbá yìí ní loperamide. Kí ìgbẹ́ dúró sí wọn nínú ni àìsàn yìí ń wá.

Ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ rí yẹn kì í ṣe pé oògùn náà bá wọn lára jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an gan-an nìyẹn.

Bí a bá jẹun, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín inú ìfun ńlá máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di amóníà, nǹkan tó máa ń ta síni nímú ní ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Ẹ̀dọ̀ tára rẹ̀ dá á gbà á, á sọ ọ́ di yùríà, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Ẹ̀dọ̀ tó ti gan ò lágbára yẹn mọ́, amóníà á wá bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi wo sípánà tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Lactulose jẹ́ irú ṣúgà kan tí ara wa ò lè lò, torí náà ó máa ń lọ tààrà sí ìfun ńlá. Á mú ibẹ̀ kan, amóníà á há síbẹ̀, á sì bá ìgbẹ́ jáde kó tó rí ọ̀nà wọ ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó rọ̀, kó má jẹ́ omi ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀: òun là ń wá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọn yóò fi kún oògùn náà. Bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ tó sì jẹ́ omi lásán, wọn yóò dín in kù, torí gbígbẹ ara náà lè da ọpọlọ rú. Ìwọ̀n inú ìgò kì í dúró sójú kan, ìgbẹ́ ni ẹ ó máa wò.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi báyìí. Ẹ jí bàbá. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo la wà. Ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, kí ẹ sì ka 1 dé 30. Bí ọwọ́ bá ń jù fẹ̀ẹ́-fẹ̀ẹ́ bí apá ẹyẹ, ẹ sọ fún mi. Ẹ wò ó bóyá ara wọn gbóná, bóyá inú ń dùn wọ́n, bóyá ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà ti jáde rí, bóyá wọ́n bì ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹ má sì rọ oògùn sí ẹni tí oorun kò dá lójú rẹ̀ lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ọmọ Mẹkáníìkì (Ọjọ́ Ajé, 10:14 alẹ́)

Mo ti jí wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì la wà. Wọ́n na ọwọ́, mi ò tíì ka dé 10 tí ọwọ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀, ó tún gòkè, ó tún já sílẹ̀. Ara ò gbóná. Kò sí ìgbẹ́ dúdú. Ẹ gbà mí o, ṣé èmi ni mo fa èyí?

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́ Ajé, 10:19 alẹ́)

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi nísinsìnyí. Ẹ gbé bàbá lọ sí ọsibítù lálẹ́ yìí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan agbo náà, kí wọ́n rí i. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ dá lactulose dúró láti Àbámẹ́ta, pé wọn ò yàgbẹ́ láti àná, àti pé ọwọ́ ń jù. Wọn yóò wá ohun mìíràn tó lè wà ńbẹ̀ pẹ̀lú: kòkòrò nínú omi ikùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣẹ̀ sínú, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó dàrú. Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó gbọn-in tàbí kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má tẹ́ wọn gbalaja.

Àkànní Tewétegbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Mo kí bàbá o. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tọkàntọkàn. Kí òyìnbó tó dé, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe àwọn baba wa, wọ́n sì ń wò ó. Bàbá tèmi lo ewúro àti dógóyárò, ojú rẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì gbé ọdún 20 sí i láyé. Kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ bí ẹni pé agbo ni ọ̀tá? Kí wọ́n máa lo tòyìnbó láàárọ̀, kí wọ́n máa lo tiwa lálẹ́.

Apòògùn Ìjẹ̀bú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, mo gbọ́ yín, mi ò sì ní bú ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Ojú pípọ́n ò jẹ́ àìsàn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara àgbàlagbà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohunkóhun tí ènìyàn ìbáà mu. Ó ṣeé ṣe kí ti bàbá yín jẹ́ irú èyí. Ti bàbá Ọmọ Mẹkáníìkì yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ tiwọn ti kún fún ojú àpá.

Ẹ̀dọ̀ yìí ló ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ohun tá a bá mu, ewé tàbí hóró oògùn. Nínú ìgò agbo kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà níbẹ̀, tí òní lè le ju tàná lọ. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ tiẹ̀ burú jù, torí ọtí fúnra rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀. Bí ojú bá sì tún pọ́n sí i lọ́la, dókítà ò ní mọ̀ bóyá àìsàn ló ń lé sí i tàbí agbo.

Kì í ṣe agbo nìkan ni mò ń bá wí o. Èyí tó ń pa àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ lójú mi ní kẹ́mísìtì ni oògùn ara ríro: ibuprofen, diclofenac, piroxicam. Wọ́n ń mú kíndìnrín dákú lára ẹni tí omi kún inú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣí ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn. Ẹ̀yìn á máa ro bàbá mẹkáníìkì, ọmọṣẹ́ á sáré lọ ra àdàlù hóró mẹ́rin nínú ọ̀rá. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Paracetamol ló kù fún wọn, kó má ju 2 g lọ lójúmọ́, ìyẹn hóró mẹ́rin ti 500 mg láàárín wákàtí 24, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn kí ẹ tó fi kún un, torí paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oògùn oorun, diazepam àti bromazepam, kò gbọ́dọ̀ wọlé yín. Bí bàbá ò bá sùn lóru, ẹ má sọ pé ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sùn. Oorun òru tó di oorun ọ̀sán yẹn wà lára àmì pé amóníà ti ń gòkè.

Àkànní Tewétegbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀)

Mo gbà. Mi ò mọ̀ pé oríṣi méjì ni. Ẹ ṣé é, apòògùn.

Ọmọ Mẹkáníìkì (Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín. Ọsibítù la wà. Wọ́n gbà wá lóru ọjọ́ náà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ nínú ikùn wọn lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí kòkòrò níbẹ̀. Pòtásíọ̀mù wọn, irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, ló lọ sílẹ̀, furosemide ló ń fà á jáde, wọ́n sì ń fi omi dírìpù dá a padà. Wọ́n dá lactulose padà ní gbogbo wákàtí méjì títí ìgbẹ́ fi dé. Nígbà tó dé, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wò ó, mo rò pé kí ló ń yọ̀ fún, mo wá rántí ohun tí Nọ́ọ̀sì Mojí kọ.

Láàárọ̀ yìí bàbá mọ ọjọ́ tá a wà. Ọwọ́ ṣì ń jù díẹ̀.

Dókítà tún ní ìdí tí àìsàn yìí fi dé ibi tó dé ni pé wọ́n já tenofovir jù sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, kòkòrò náà lè jí padà pẹ̀lú ìbínú, kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Àá máa rà á. A ó wá owó rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́rú, 8:02 alẹ́)

Ọpẹ́ ni. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ rí nítorí ìgbẹ́. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sí wọ́ọ̀dù wa tí kò mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì. A po lactulose 300 ml mọ́ omi 700 ml, a fi ẹ̀gbẹ́ òsì ọkùnrin náà lélẹ̀, a rọ oògùn náà sí i láti ìdí, mo sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra kó má baà yára dà á sílẹ̀. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó lajú, ó ní ṣé ìyàwó òun ti jẹun. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ gbà á lẹ́kún. Ẹ má ṣe èyí nílé o, iṣẹ́ ọsibítù ni.

Tí ẹ bá délé, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Láràárọ̀, ẹ ní kí bàbá kọ orúkọ wọn sí i kí wọ́n sì fi déètì sí i. Bí lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, tó ń gbọ̀n, tàbí tí wọ́n kọ déètì àná, ẹ pe ọsibítù kó tó di pé wọ́n sọ̀rọ̀ sódì. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ, ẹ kọ iye ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ àti bí wọ́n ṣe wọ̀n tó lórí òṣùwọ̀n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì (Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí wọ́n fi ń da spironolactone pọ̀ mọ́ furosemide? Ìdánwò wa ń bọ̀, ìwé sọ ọ́ ṣùgbọ́n kò yé mi.

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́)

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Ẹ̀dọ̀ tó gan ń mú kí ara di iyọ̀ mú, omi á tẹ̀ lé iyọ̀, á ṣàn wọ ikùn. Họ́mọ́ọ̀nù tó ń di iyọ̀ mú yẹn ni spironolactone ń lé. Ṣùgbọ́n ó ń mú pòtásíọ̀mù gòkè, furosemide sì ń fà á wá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń fún wọn ní 100 sí 40, kí ọ̀kan máa dá èkejì dúró. Ìwọ náà rí i nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí pé kì í fìgbà gbogbo dọ́gba, a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nípa òṣùwọ̀n: òṣùwọ̀n kan náà ni kí wọ́n máa gùn, láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí wọ́n tó jẹun. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì wú, kó má ju kílò 1 lọ tí wọ́n ń sọ nù lójúmọ́. Bí wíwú ẹsẹ̀ bá ti lọ tó ku ikùn nìkan, kó má ju ìdajì kílò lọ. Bí omi bá yára jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ, kíndìnrín ló máa san gbèsè rẹ̀. Fún wọn ní hóró tọ̀-tọ̀ yìí láàárọ̀, kí wọ́n lè sùn lóru. Propranolol, ka ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ kó o tó fún wọn. Bó bá ti rẹ̀yìn sí 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, má fún wọn, pe dókítà. Oògùn yìí ló ń mú kí iṣan tó ti wú ní ọ̀nà ọ̀fun má bẹ́.

Spironolactone lè mú kí ọmú ọkùnrin wú kó sì máa dùn ún. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní ìkọ̀kọ̀, torí ẹni tójú bá ń tì á sọ kàn á dá oògùn dúró ni.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́)

Ẹ má bínú sí mi o, nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ́ ọgbọ́n. Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní kí bàbá ọkọ mi má jẹ ẹran, ẹja àti ẹ̀wà mọ́ láé nítorí ẹ̀dọ̀. Ó ti rù kan eegun.

Adéwálé, Manchester (Ọjọ́bọ̀, 12:48 òru)

Ẹ kú òru. Nọ́ọ̀sì ni mí níhìn-ín, ẹ̀ka ẹ̀dọ̀ ni mo wà. Ìyá Ìbejì, ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn, a ti fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ ò bá lè ṣiṣẹ́, iṣan ara máa ń bá a gba díẹ̀ nínú amóníà. Bí ẹ bá wá fi ebi pa iṣan, ẹ pa olùrànlọ́wọ́ tó kù. Ohun tá à ń fún wọn ni purotéènì 1.2 sí 1.5 g fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara lójúmọ́. Ọkùnrin kílò 60 á jẹ tó 72 sí 90 g. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀wà, ẹ pín in sí ìgbà kékeré mẹ́fà lójúmọ́ dípò ìgbà ńlá mẹ́ta.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni oúnjẹ kí wọ́n tó sùn. Ẹ̀dọ̀ tó gan ò lè tọ́jú ṣúgà pamọ́ di àárọ̀, torí náà òru kan ṣoṣo lára wọn dà bí ebi ọjọ́ méjì mẹ́ta lára wa. Kọ́ọ̀bù ògì kan tí ẹ po sóyà mọ́, ní aago 9 tàbí 10 alẹ́. Fún ìdí yìí, ààwẹ̀ ò tọ́ sí wọn, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí. Mo ti rí ìyá kan tó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìwòsàn, tí wọ́n gbé wọn wá láìmọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ bá pásítọ̀ tàbí àáfà sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa gbà bí ẹ bá ṣàlàyé.

Iyọ̀ ni kí ẹ dín kù, kó má ju 5 g lọ lójúmọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kékeré kan, tí mágí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ata, àlùbọ́sà, ẹfínrín, atalẹ̀, ìrú tí wọn ò fi iyọ̀ sí, ẹ lò wọ́n bó ṣe wù yín. Ẹ má ra "iyọ̀ àfirọ́pò" inú agolo, pòtásíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò bá spironolactone lò.

Fún ẹni tí lactulose nìkan ò tó fún, hóró kan wà tó ń jẹ́ rifaximin, 550 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí i fún lílò níbí. Ó wọ́n gan-an. Lactulose ṣì ni ìpìlẹ̀.

Adùnní (Ọjọ́bọ̀, 10:33 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí bá mi nílé. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú mi, wọ́n sì sọ fún mi ní kílíníìkì pé mo ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ìyá ọkọ mi ti ya àwo àti kọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀. Mi ò lè sùn. Ṣé ọmọ mi á kó o?

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán)

Adùnní, ìwọ ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kì í ran nípa àwo, kọ́ọ̀bù, dídì mọ́ra tàbí oúnjẹ àjọjẹ. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́ ìkọlà àti gbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe ẹlòmíràn, abẹ́ ìfárí, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí ni ọ̀nà rẹ̀. Fi èyí han ìyá ọkọ rẹ, pẹ̀lú ìtẹríba.

Tó bá ran ọmọ tuntun, nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ni yóò wà lára wọn títí ayé. Lára àgbàlagbà, kò tó 5 nínú 100. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ìbí fi ṣe pàtàkì. Sọ fún kílíníìkì báyìí pé o fẹ́ mọ iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Tó bá pọ̀ gan-an, wọn á fún ọ ní tenofovir láti ọ̀sẹ̀ 28 títí wàá fi bímọ. Kí ọmọ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kì í ṣe lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí ibi tí o bímọ sí bá ní ìmúnúóglóbúlìn, abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti kòkòrò náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fi kún un. Lẹ́yìn náà kó parí àwọn abẹ́rẹ́ tó kù. Fún un lọ́mú, kò sí ewu níbẹ̀.

Ọmọ Mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ yìí kan ìwọ náà. Ìyá yín, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ọdún 2004 ni àjẹsára yìí wọ ètò ọmọ ìkókó ní Nàìjíríà, ẹ̀yin tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà lè má gbà á rí. Ẹni tí kò bá ní i á gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà.

Sàlámì Ẹlẹ́ran (Ọjọ́bọ̀, 4:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ọgbẹ́ inú ló ń yọ mí lẹ́nu fún ọdún mẹ́rin. Mò ń lo omeprazole lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń rọ̀, ó tún ń padà. Ṣé ata ni kí n jáwọ́ níbẹ̀?

Apòògùn Ìjẹ̀bú (Ọjọ́bọ̀, 6:00 ìrọ̀lẹ́)

Alhaji, àkókò tí ẹ ń lò ó ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Omeprazole gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Èkejì, ọgbẹ́ tó ń padà sábà ní kòkòrò kan lábẹ́ rẹ̀, Helicobacter pylori. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ní 1984, inú rẹ̀ dàrú, ó sì fi bẹ́ẹ̀ hàn pé kòkòrò náà lè dá àìsàn sí ikùn. Òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Robin Warren, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ yín wò fún un, kí ẹ ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ. Bó bá wà níbẹ̀, dókítà á fún yín ní oògùn àpapọ̀ ọjọ́ 14, kí ẹ sì lò ó parí. Ẹ jáwọ́ nínú ibuprofen bí ẹ bá ń lò ó. Ata lè mú un ta yín, òun kọ́ ló dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú tó ń yọ̀ bí ọ̀dà, ẹ má béèrè lọ́wọ́ wa, ẹ lọ.

Ọmọ Mẹkáníìkì (Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, 8:40 alẹ́)

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní Àbámẹ́ta. Mo ra ìwé ìkọ̀wé. Orúkọ tí wọ́n kọ ní Àbámẹ́ta rìn gba orí ìlà kọjá, lẹ́tà tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ti àná dúró lórí ìlà. Ti òní, wọ́n fa igi sábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fà á sábẹ́ rìsíìtì oníbàárà. Kílò 64.5 ní Àbámẹ́ta, 63.7 lónìí, ẹsẹ̀ ṣì wú díẹ̀.

A gbé àga onípò sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n má baà máa sáré lọ sí ṣáláńgá lóru. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń po ògì alẹ́, òun náà ló ń ka iye ìgbà. Àbúrò mi kan ní in lára, mi ò ní in, mo ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Dókítà ń rí àbúrò mi ní Ọjọ́rú.

Lọ́sàn-án, wọ́n ní ká gbé àga àwọn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àwọn kàn fẹ́ wo ìta. Ọmọṣẹ́ wa ń tú bóòtù kan, ó ń jà á. Bàbá wò ó títí, wọ́n wá ní: "12 lo mú yẹn. 13 ni kó o mú wá."

Nọ́ọ̀sì Mojí (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)

Omijé bọ́ lójú mi. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n lọ lónìí?

Ọmọ Mẹkáníìkì (Ọjọ́ Ajé, 8:48 alẹ́)

Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà.